Awọ Tí Ọmọńlé Bọ́

Ní ọdún 1978, kò sí bí wọ́n ṣe máa ka àwọn tó mọ aṣọ í rán lágbègbè Sapele Road nílùú Ẹdó tí wọn ò ní dárúkọ Títíloyè ará Ìkìrun. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì tún yá jù ú lọ. Ilé bàbá Itohan ló háyà, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Itohan fúnra rẹ̀, ọmọ Ẹdó pọ́ńbélé, ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, abọ́ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Títíloyè ṣí àpótí, ó bá awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lórí aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà. Awọ náà ní ìka márùn-ún, bí ìbọ̀wọ́ tí a rán fún kòkòrò. Àyà rẹ̀ já.

“Ta ló ni èyí nínú aṣọ mi o?”

Ìyá Àkànní, tí wọ́n jọ ń gbélé, yọjú wò ó. Pákò wà lẹ́nu ìyá.

“Ọmọńlé ni,” ló wí, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gba ọjà Santana lọ.

“Ọmọ onílé ni” ni Títíloyè gbọ́. Ìbínú ò kúkú mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Itohan wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Títíloyè fà á dé àárín àgbàlá.

“Na you put juju for my cloth! Comot for my shop!”

Gbogbo ará ilé jáde. Itohan wo ọ̀gá rẹ̀ títí. Ó bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ.

Nígbà tí Ìyá Àkànní ti ọjà dé tó gbọ́, ó káwọ́ lérí.

“Títí, ọmọńlé ni mo wí! Èyí tó ń rìn lára ògiri! Awọ rẹ̀ kì í bá a dàgbà. Tó bá há mọ́ ọn, tuntun á ti hù lábẹ́ rẹ̀, á wá fẹnu fa ti àtijọ́ bọ́, á gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi sábà rí i. Èyí tó ṣẹ́ kù lo rí yẹn. Ejò ń bọ́ awọ, alángbá ń bọ́ awọ, ta ni wọ́n torí ẹ̀ pè lájẹ̀ẹ́?”

Ojú gba Títíloyè tì. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó kọ́kọ́ rò ó pé òun á lọ bẹ ọmọ náà ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ló ti bú u. Ó pè é jáde, ó kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá fún ọmọ tí òun lè bí.

“Itohan, abeg, no vex. Mi ò gbọ́ ìyá dáadáa ni. Na ‘ọmọ onílé’ I hear.”

Itohan kì í sábà sọ Yorùbá. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló sọ, kò sì ṣì í sọ.

“Ẹ dìde, Àǹtí. Èmi gbọ́ ìyá. Ọmọńlé ni wọ́n wí. Mo rò pé ẹ̀yin náà gbọ́, pé ẹ kàn ń wá ohun tí ẹ máa fi lé mi ni.”

Títíloyè ò lè dìde. Ìtìjú kejì yìí wá ju ti àkọ́kọ́ lọ.