Ìpara Tó Lé Múlíkà Lọ

Òórùn lọ́fínńdà ló gba ojú fèrèsé wọlé bá mi láàárọ̀ yìí. Ràṣídá, ọmọge tí a jọ ń gbé inú ilé kan ní Òkè-Àfà, ló ń po ìpara tó fẹ́ tà fún àwọn ọlọ́mọ. N kì í sábà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi àti òórùn yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, la ti ń se ọṣẹ. Eérú á bà sórí aṣọ tí àwọn ayálégbé sá, wọ́n á máa bú wa. Tí Ìyá Àgbà bá fi òróró olóòórùn díẹ̀ sí ìpara òrí, kì í gbẹ́kẹ̀ lé imú ara rẹ̀.

"Imú tó ti wà nídìí ike látàárọ̀ ti kú. Ẹ pe ẹni tó ń ti ìta bọ̀ kó wá gbóòórùn."

Á fi díẹ̀ pa inú apá ara rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. "Omi á ṣan ọṣẹ lọ, ìpara ló ń bá èèyàn sùn. Ẹ dín òróró tìpara kù."

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, Àǹtí Sìdí, àbúrò ìyá mi, gba iṣẹ́. Àǹtí gbọ́n jù. Bó ṣe ń pò ó tí kò gbóòórùn rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń da òróró sí i. Múlíkà, ọmọ ayálégbé wa, ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo, ló kọ́kọ́ fún. Múlíkà fi pa ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọrùn sí mi kí n gbóòórùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọrùn náà ti pọ́n, ó ti lé ròrò, ó ń ṣomi. Ìyá rẹ̀ da ìpara yòókù sẹ́nu ọ̀nà wa.

"Sìdí! Ṣé o fẹ́ bó ọmọ mi láwọ bí ẹran ni?"

"Ẹ lọ wẹ ọmọ yín, Ìyá Múlíkà. Ìdọ̀tí ló ń bá lọ́fínńdà jà."

Ìyá Àgbà ń pariwo láti inú yàrá pé kí Àǹtí bẹ̀bẹ̀. Àǹtí pòṣé. Kí oṣù náà tó parí, Múlíkà àti ìyá rẹ̀ ti kó lọ, wọn ò jẹ́ kí n dágbére.

Mo rí Múlíkà ní Apákun láìpẹ́ yìí. Àpá náà ṣì dúdú lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbójú kúrò. Títí dòní, Àǹtí ṣì ń sọ pé ìdọ̀tí ni. N kò tíì dárí jì í.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń po ìpara lóde òní, ẹ̀yìnkùlé yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù. Ìgò òróró míràn ti ń wá pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìwọ̀n tó yẹ fún ọṣẹ àti ìwọ̀n tó yẹ fún ìpara, ẹ kì í kà á. Awọ ara nìkan ni kò yí padà.

Mo ti ilẹ̀kùn Ràṣídá wọlé, mo já ìgò òróró gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Kò tíì ta sánsán o!"

"Ó ti ta dé yàrá mi," ni mo wí. "Imú tìrẹ ló ti kú."