Ìkòkò Tí Pósófíìsì Gbé Wá

Epo àgbọn ni Sewanu ń ṣe tà ní Gbẹ̀rẹ̀fú, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ní ọ̀kánkán Àgbádárìgì. Ọmọ Ègùn pọ́nńbélé ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fẹ́. Mákánjú ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, káfíńtà ará Àwórì láti ìhà Òjó, ẹni jẹ́jẹ́ tó kọ́ èdè Ègùn kó tó lè rí ìyàwó fẹ́, tó sì jẹ́ pé Ègùn náà ló ń bá a sọ nínú ilé títí wọ́n fi bí Grace, ọmọ wọn kan ṣoṣo, títí ọmọ náà fi lọ sílé ọkọ ní Àjàṣẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń lé Mákánjú dìde láàárín ẹgbẹ́: tábà. Bí èéfín rẹ̀ bá ti kàn án nímú báyìí, ikọ́ ni, á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú ilé rẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ tábà.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè ní òkè Ọya, wọ́n wá káfíńtà káàkiri, Mákánjú sì bá wọn lọ. Ọdún méjì ló ní òun máa lò. Ó lo méjì, ó lo mẹ́ta, ìwé tó ń kọ sílé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní ọdún kẹfà, Zinsu, ẹ̀gbọ́n Sewanu, ní ó tó gẹ́ẹ́.

Apẹja ni Zinsu, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí kò lórí tí kò nídìí ni kò fẹ́ràn. Lójú tirẹ̀, obìnrin tí kì í ṣe opó, tí kì í ṣe ìyàwó ilé, tí kì í sì í ṣe ọmọge, ohun tó ń ṣe kò yé èèyàn. Dosu kan sì wà ní Àgbádárìgì tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ní oko àgbọn tó dára, tó ti ń bi í nípa àbúrò rẹ̀. Zinsu gbé ọkọ̀ ojú omi wá bá Sewanu lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó ní:

“Bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Nǹkan tí o nílò. Bó bá rà á ránṣẹ́, ọkọ rẹ ni, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá rà á títí di ọdún Àjíǹde, kí gbogbo wa gbà pé o ò ní ọkọ, kí Dosu wá mú ọ lọ.”

“Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Kó sì gba pósófíìsì o. Kí n rí òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kàn gbé e wá lọ́wọ́ báyìí, ta ló máa sọ fún mi pé kì í ṣe ìwọ lo rà á?”

Ẹ̀rù ba Sewanu. Kì í ṣe pé kò lè gbé láìsí ọkọ. Ó ti gbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sì kú. Mákánjú gan-an ló fẹ́, kì í ṣe ọkọ lásán. Ohun tó máa bèèrè kò le. Ìkòkò irin tó fi ń se epo ti sán nísàlẹ̀, iná ló sì ń jẹ ìdajì epo rẹ̀. Ó ní ìkòkò ni kí Mákánjú rà.

Josiah ló bá a kọ ìwé náà, olùkọ́ ìjọ wọn, Ègùn bíi tirẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí òun ni Mákánjú mọ̀ ọ́n kà. Inú Bíbélì ni Josiah ti kọ́ Yorùbá. Yorùbá tirẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ohun tí Bíbélì kò bá dárúkọ, òun náà kò mọ orúkọ rẹ̀. Kì í sì í fi yíǹkì ṣòfò. Sewanu sọ̀rọ̀ títí, ó sọ bí epo ṣe ń jò, ó sọ bí ìkòkò náà ṣe gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó, ó sọ ti etí méjèèjì tí wọ́n máa fi gbé e. Nígbà tí Josiah kà á fún un, gbogbo rẹ̀ kò ju èyí lọ: “Ọkọ mi, ìkòkò mi ti bàjẹ́. Ra èyí tí ó dára ránṣẹ́ sí mi. Jẹ́ kí ó gba pósófíìsì wá. Èmi ni aya rẹ, Sewanu.”

“Kò ha kúrú jù báyìí?” ni Sewanu wí.

“Ọkọ tó bá mọ iṣẹ́ aya rẹ̀ á mọ ohun tó ń fi ìkòkò ṣe,” ni Josiah dá a lóhùn.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ẹrù rẹ̀ ti dé. Zinsu ló wa ọkọ̀ gbé e sọdá. Sewanu ti ká òṣùká tó nípọn dání, nítorí irin wúwo. Ó ti sọ fún gbogbo obìnrin àdúgbò pé òun ń lọ gbé ìkòkò tí ọkọ òun rà. Nígbà tó dé ojú fèrèsé pósófíìsì, akọ̀wé na ẹrù kan jáde sí i tí kò ga ju ìwé orin lọ. Sewanu gbà á, ó sì tún dúró, ó ń retí èyí tó kù. Akọ̀wé ní kò sí èyí tó kù.

Ìta ni wọ́n ti tú u. Ohun tí wọ́n fi ń fa tábà ni, méjì, onígi, irú èyí tó máa ń wà lẹ́nu àwọn òyìnbó. Ọ̀kan gún régé, ó ń dán. Ọrùn èkejì wọ́, àbàwọ́n dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ibi tí iná ti jó o. Wọ́n gbé ìwé inú rẹ̀ lọ fún Josiah, òun náà sì kà á jáde: “Aya mi, ìkòkò tí o bèèrè nìyí. Mo ra méjì. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le. Iṣẹ́ kò tíì parí.”

“Tún un kà,” ni Zinsu wí. Josiah tún un kà.

“Ìkòkò ló pè é?”

“Ìkòkò ló kọ síbí.”

Ní èdè Ègùn, orúkọ ohun tí wọ́n fi ń sebẹ̀ àti orúkọ ohun tí wọ́n fi ń fa tábà kò bá ara wọn tan rárá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé ní Yorùbá, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Zinsu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin náà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹni tí kò lè gbóòórùn tábà, tó wá ra nǹkan tábà fún ìyàwó rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun kò ní sún mọ́ ọn mọ́ láyé. “Ó ní kí o lọ jókòó ti àwọn arúgbó,” ni ó wí. Sewanu kò rí ohun tó máa fi já a nírọ́. Ó sọdá ọ̀sà padà pẹ̀lú òṣùká lọ́wọ́, ojú sì tì í dé egungun. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti sọ fún Zinsu pé bó bá di Àjíǹde, ohun tó bá wí ni òun máa ṣe.

Ó ju nǹkan méjèèjì sí ìdí òkìtì èèpo àgbọn. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti ń rin àgbọn, inú bí i. Arúgbó ni ó pè mí? Ó dára, màá ṣe arúgbó fún un. Ó bọ́ sílé kejì, ó tọrọ tábà díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà ibẹ̀, ó ki í bọ èyí tó ń dán, ó fi ẹyin iná sí i, ó sì fà á bí ẹni tó ń jà. Ojú rẹ̀ pòòyì. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti lọ bì.

Inú ṣì ń bí i lọ́jọ́ kejì, ó tún fà á. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, inú tó ń bí i ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tábà ti mọ́ ọn lára. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èyí tó ń dán yẹn, ẹwà lásán ni. Kì í pẹ́ gbóná, ó sì ń ta ahọ́n. Ọjọ́ tí kò lè mú un mọ́ nítorí ooru ló tó ṣa èyí tó wọ́ jáde nínú èèpo, tìkàtẹ̀gbin. Èyí tó wọ́ yìí ló bá a lára mu. Èéfín rẹ̀ tutù. Ọrùn tó wọ́ náà jẹ́ kó fìdí ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì nílò pé kó fọwọ́ dì í mú. Amọ̀ ni ti àwọn ìyá Gbẹ̀rẹ̀fú, ọ̀pá rẹ̀ gùn, ọwọ́ kan ló sì gbọ́dọ̀ máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ kan rin àgbọn, ìka ara rẹ̀ ló máa rin. Sewanu ń rin àgbọn, ó ń fún un, ó ń ko iná, ó sì ń fa tábà lọ. Àwọn ìyá wá ń wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé bí òun bá fi èyí tó ń dán sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó sinmi, kì í ta ahọ́n mọ́, ó sì ń fà á nígbà tí èkejì bá ń sinmi. Kò pẹ́ tí kò fi lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn.

Ó fẹ́ràn wọn, kò sì dárí ji ẹni tó rà wọ́n. Ìyẹn ló ń dà á láàmú jù. Àjíǹde ń sún mọ́lé, bó bá sì ti rántí Dosu, á fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ó lọ ra ewé tábà ní ọjà Àgbádárìgì lọ́wọ́ Tọ̀yìbátù, obìnrin Ọ̀yọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tajà níbẹ̀. Tọ̀yìbátù ń ká ewé náà fún un lọ́wọ́, ó gbójú sókè.

“Ìyá, ìkòkò yín yìí dára o. Níbo lẹ ti rí i rà?”

Sewanu bojú wẹ̀yìn, bóyá ìkòkò kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. “Ìkòkò wo?”

“Èyí tó wà lẹ́nu yín.”

Sewanu yọ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé e síwájú obìnrin náà. “Kí lẹ pe eléyìí?”

“Ìkòkò ni. Ìkòkò tábà. Kí lẹ tún fẹ́ kí n pè é?”

Sewanu jókòó sórí àpótí láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tọ̀yìbátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di igbá tábà rẹ̀ mú kó má baà dànù. Nígbà tó rí i pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

“Ṣé ẹ sì sọ fún un pé kó gba pósófíìsì?”

“Mo sọ fún un.”

“Ìkòkò ọbẹ̀ wo ni èèyàn ń gbà lójú fèrèsé pósófíìsì, ìyá? Wọ́n sì ń ta ìkòkò kún ọjà yìí. Ìkòkò wo lẹ fẹ́ kó rò?”

Àwọn Yorùbá máa ń pa á lówe pé àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Wọn kò sọ ohun tí àgbọ́ìgbọ́tán Yorùbá ń dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n Sewanu ti rí i fúnra rẹ̀ báyìí. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, ó ń rò ó. Mákánjú gba ìwé. Ó kà pé ìyàwó òun ń fa tábà, pé ó ti fà á débi tí ìkòkò rẹ̀ fi bàjẹ́. Kò bi í pé láti ìgbà wo. Kò bá a wí. Ó lọ rà á. Ó gbìyànjú láti má sunkún lójú àwọn èrò ọkọ̀, kò ṣeé ṣe, ó ní tábà ló kó sí òun lójú.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n pé sí ilé Zinsu. Dosu ti jókòó pẹ̀lú aṣọ funfun. Sewanu wọlé, ìkòkò ọlọ́rùn wíwọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n bèèrè. Mo bèèrè, ó sì rà á. Ìkòkò ni Yorùbá ń pe eléyìí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wù yín. Èmi ni mi ò mọ orúkọ ohun tí mo bèèrè.”

Zinsu tẹjú mọ́ ìkòkò náà. “Ìkòkò epo lo fẹ́.”

“Òun lọkàn mi fẹ́. Kì í ṣe òun lẹnu mi sọ.”

Zinsu ló gbé òfin kalẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń yẹ òfin ara rẹ̀. Ó bojú wo Dosu. Dosu, tí òun náà jẹ́ amutábà, ní kí Sewanu jẹ́ kí òun wo ìkòkò náà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà. Ó ní nǹkan gidi ni. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún méjì tún kọjá kí Mákánjú tó dé, orí rẹ̀ ti funfun, èjìká rẹ̀ kan sì ti rọ̀. Inú Sewanu dùn débi pé kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe. Ó kó ìkòkò tábà méjèèjì pamọ́ sínú àpótí aṣọ, kó má baà bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ, Mákánjú ní:

“Ìyá Grace, láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò rí ìkòkò yẹn lẹ́nu rẹ. Ṣé kò dára ni?”

“Ó dára.”

“Àbí ó ti bàjẹ́?”

“Kò bàjẹ́. Ikọ́ yín ni mò ń rò.”

Mákánjú mi orí. “O ní kí n ra èyí tó dára. Èmi kò sì mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ọkùnrin tó ń tà á ní àfi kí n fà á wò. Mo fa méjèèjì.”

“Ẹ fà á?”

“Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè lọ síbi iṣẹ́. Síbẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n yàn, mo bá kúkú ra méjèèjì.”

Sewanu ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò epo fún un. Ó pa á dé.