Ìlú Baba Mi Lórí Fọ́ọ̀mù

Ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sórí fọ́ọ̀mù ló sọ mí di àjèjì ní Kumasi lónìí.

Mo fẹ́ gboyè kejì ní yunifásítì, nínú ìmọ̀ ìrònú ọmọ iléèwé. Wọ́n béèrè ìlú baba mi, mo kọ Ìlọrin.

Akọ̀wé lù ú lóǹtẹ̀. “Sista, dọ́là làjèjì ń san.”

Mo bẹ̀ ẹ́. “Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Tafo ní Kumasi níbí ni wọ́n bí èmi àti bàbá mi sí.”

“Kí ló dé tí o ò kọ Tafo?”

Owó oṣù tíṣà mi fún ọdún kan ò tó ìdajì owó àjèjì náà. Ó parí nìyẹn.

Bàbá mi, tí kò dé Ìlọrin rí, ní, “O ò parọ́, alihamudulilahi.”

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sawaba ní Kumasi níbí, kí lẹ̀ ń kọ síbi ìlú baba yín?