Bàbá Mi Ló Wa Ajẹgimumi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá dúró ti ẹ̀rọ tí bàbá mi ń wà, orí mi kì í kọjá ìdajì ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá kiri lónìí, ẹ má rò pé mọ́tò lásán ni mò ń sọ o. Igi ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ, omi ló ń mu. Wọ́n á dá iná sí i nínú láàárọ̀, omi inú ikùn rẹ̀ á hó, ooru omi náà ni yóò sì máa ti irin tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀pá èéfín gíga níwájú, ó ní fèrè tó ń ké fíìì, bó bá sì ń bọ̀, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Òkúta ló máa ń fà lọ fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ajẹgimumi, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Bàbá mi ni awakọ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń jí kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè lọ dá iná, nítorí pé Ajẹgimumi kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni: bí omi rẹ̀ kò bá tíì hó, ọba gan-an kò lè mú un kúrò lójú kan. Bí wọ́n bá padà délé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, eyín wọn nìkan ló máa ń funfun. Èmi á sáré lọ gba fìlà wọn, màá dé e, bó ti dúdú tó yẹn, màá wá gba iwájú ilé kọjá kí gbogbo ayé lè mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ìyá mi kì í yé pariwo nítorí èédú tó ń ta sí mi lórí.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n parí ọ̀nà kan ní ìhà Dùgbẹ̀, ọ̀gá òyìnbó sì fẹ́ ya fọ́tò. Àwa ọmọdé ti tò sẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀gá ní kí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún fi àkísà nu ìjókòó wọn kí ṣòkòtò funfun ọ̀gá má baà dọ̀tí. Ọ̀gá gòkè, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó sì rẹ́rìn-ín sí oníròyìn tó ń ya fọ́tò. Ẹni tí kò mọ ojú ibi tí wọ́n ń gbà rọ omi sí i! Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, fọ́tò náà kò sì kàn wọ́n. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí a délé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà láti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ mọ ẹni tó ń fún un lómi." Ó parí síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà tiwa, bí bàbá bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kì í béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi.

Ogun ni eré wa lásìkò yẹn. A máa ń fi amọ̀ mọ ọmọ ogun, a ó sá wọn sóòrùn, agboolé wa á wá kógun ja agboolé kejì lẹ́yìn ilé ìdáná. Òfin ogun wa kò gba gbẹ̀rẹ́: ohunkóhun tí o kò bá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, kò gbọdọ̀ dé ojú ogun. Mo bá pinnu pé èmi yóò ṣe Ajẹgimumi kékeré, bàbá mi ni yóò sì jókòó lórí rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá kankan tí yóò sọ pé kí wọ́n sọ̀.

Agolo mílíìkì ni mo fi ṣe ikùn rẹ̀, mo fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀. Mo gé páànù pẹlẹbẹ bí ìyẹ́, mo kàn án mọ́ ara igi tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kí ooru omi lè máa ta lù ú, kó máa yí i. Ṣùgbọ́n agolo ń jò. Mo rántí pé bí táńkì mọ́tò bá ń jò, ọṣẹ làwọn awakọ̀ máa ń fi dí i. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo gé lára ọṣẹ ìfọṣọ ìyá mi, mo fi dí gbogbo ojú ibi tó ń jò, èyí tó ṣẹ́ kù sì já sínú omi. Lọ́jọ́ ogun, mo kó ẹyín iná sábẹ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Omi hó. Ọṣẹ náà hó! Ìfófó funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nídìí, lórí, níhà gbogbo, ó ṣàn lọ bá àwọn ọmọ ogun wa, ó ṣàn lọ bá àwọn ọ̀tá, amọ̀ tí a kò sun níná sì yọ́ dànù tọ̀tún tòsì. Bí ogun ọjọ́ náà ṣe parí nìyẹn. Ó tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè mí ní Alágbàfọ̀.

Bàbá mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sílẹ̀ tì mí. Wọ́n ní, "Omi tó mọ́ ni ẹ̀rọ ń mu. Ohun tó bá sì ń hó, fún un níbi tí yóò gbà mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pa ọ́." Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fi agolo ṣe àtùpà, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó páànù pọ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi jó o. Ajẹgimumi kejì rìn. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ o, ṣùgbọ́n ó rìn, amọ̀ tí mo fi èédú kùn tí mo sì dé ní fìlà jókòó lórí rẹ̀ bí ọba. Ta ló tún pè mí ní Alágbàfọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Kò sí.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì sí Bódìjà níbí. Mo sì rò pé ọ̀rọ̀ Ajẹgimumi ti tán, àfi ìgbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì, wá bá mi lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agbowó ń ṣe eré ogun lórí tábìlì: ọmọ ogun rọ́bà tí kò ju oríkèé ìka kan lọ, téépù ìwọ̀n, àti dáìsì bíi ti lúdò. Ogun ìgbà tí àwọn òyìnbó ń gba ilẹ̀ wa ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ ọmọ mi ni olórí ogun tiwa, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì ni olórí àwọn òyìnbó. Ó wá ku ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí yóò máa fa ìbọn ńlá àwọn òyìnbó. Wọ́n ti wá a dé Dùgbẹ̀, wọ́n wá a dé Challenge, ọkọ̀ òfuurufú oníbátìrì ni wọ́n ń rí, ni wọ́n bá ní kí n bá wọn ṣe ọ̀kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù. Òyìnbó ló jókòó níbi tí awakọ̀ ń jókòó. Ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyí, sà."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Gbogbo ibi tí mo wò ni, sà."

Mo sọ ìtàn bàbá mi fún wọn, láti orí iná òwúrọ̀ dé orí fọ́tò. Mo ní màá ṣe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe bàbá mi ni awakọ̀, kí wọ́n wá a lọ síbòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ohun tá a rí la mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Agolo tòmátò, irin agboòrùn tó ti kán, ẹnu bírò, òjé. Ọwọ́ mi ti gbó o, ṣùgbọ́n kò gbàgbé iṣẹ́. Mo gbẹ́ awakọ̀ láti ara igi, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, mo sì dé e ní fìlà.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo gbé e lọ sí Agbowó, sí yàrá kan lẹ́yìn àwọn tó ń ṣe fọtokọ́pì. Mo rọ omi sí i, mo tan àbẹ́là sábẹ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, ó mí, ó gbọ̀n, ó sì gbéra. Ó ń fa ìbọn ńlá náà lọ lórí tábìlì. Ẹ wá gbọ́ ariwo! Fóònù ní ọ̀tún, fóònù ní òsì. Orí mi wú bí ẹni pé èmi ni mo dá irin sáyé.

Ọmọ ọmọ mi nìkan ni kò pariwo. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà lẹ́yìn odi ní òpin tábìlì, ẹnu ìbọn náà sì kọjú sí wọn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ má bínú o. Ṣé bàbá yín ló ń fa ìbọn yìí bọ̀ wá bá wa?"

Ìjókòó ni mo ń jà fún láti ìgbà èwe mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn wo ohun tí mo so mọ́ ìdí ẹ̀rọ bàbá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí ojú mi, àánú mi ṣe é, ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká fi òyìnbó pààrọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ á tán." Ó ti ń na ọwọ́ sí awakọ̀ mi.

Mo ní, "Má fọwọ́ kàn wọ́n. Wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀."

Mo fẹ́ àbẹ́là pa. Mo tú okùn ìbọn náà kúrò. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣa òkúta wẹ́wẹ́ níta, mo kó o sínú agolo sàdíìnì, mo so ìyẹn mọ́ ọn dípò. Mo ní, "Bàbá mi ò fa ìbọn rí. Òkúta ni wọ́n ń fà. Ọ̀nà ni wọ́n ń ṣe."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ta ló máa wá fa ìbọn wa, sà?"

Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe òfin tuntun lójú ẹsẹ̀: ọwọ́ ni àwọn òyìnbó yóò máa fi fa ìbọn wọn, ìbú ìka kan ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí wọ́n tó fà á dé ìdajì tábìlì, ọmọ ọmọ mi ti yí wọn ká.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ọmọ òde òní kò lẹ́kọ̀ọ́, pé ẹnu wọn ti pọ̀ jù. Èmi ò bá wọn sọ ọ́ mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa gbẹ́nu dákẹ́ níwájú àgbà, a pè é ní ìwà, ohun tí ì bá ti yé wa láti kékeré sì di ohun tí a ń gbé kiri títí ewú fi bò wá lórí. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀ o, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì béèrè.

Gbogbo ayé mi ni mo fi ń fi bàbá mi yangàn. Ọjọ́ yẹn, ní Agbowó, ni mo kọ́kọ́ gbèjà wọn.