Raili Kì í Dáná Lórí Àbàtà

Ní abúlé tí Raili Hettula ń gbé, kò sí ohun tí o ò lè bi ènìyàn. Bí o bá fẹ́, bi obìnrin léèrè ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bi í léèrè ohun tí dókítà rí nínú ikùn rẹ̀. Á dá ọ lóhùn, á tún bu kọfí kún ife rẹ. Ṣùgbọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti ń ká hilla wò! Kíá ni gbogbo ilé á yíjú sí fèrèsé, wọ́n á máa wo sánmà, wọ́n á ní, "Ẹ ò rò pé òjò máa rọ̀ báyìí?" Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Hilla, èso àbàtà ni. Igi rẹ̀ ò ga ju kókósẹ̀ lọ, èso kan ṣoṣo ló sì máa ń so. Bó bá ṣì le, pupa ni. Bó bá ti pọ́n, á rọ̀, á wá ní àwọ̀ bí ìyeyè. Ní apá òkè Finland lọ́hùn-ún, ẹni tó bá mọ àbàtà tó so dáadáa kì í sọ ọ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀ pàápàá. Àbàtà ti Raili, ọwọ́ Impi ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, Impi náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Kò sí ìwé kankan tó sọ pé tẹnì kan ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ ló ni ín.

Ohun tó wá ń jẹ Raili lọ́kàn ni orúnkún. Obìnrin tó ga, tó gbẹ, tí kì í jókòó, òun ló ń se oúnjẹ iléèwé abúlé náà kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ṣì rí bí ohùn ẹni tó ń pe odindi ọgbà ọmọ wá jẹun. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó sì mọ̀ pé láìpẹ́ àbàtà máa kọ òun. Ta ló máa wá fi lé lọ́wọ́? Jouni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tó sọ̀rọ̀ náà fún un, ohun tí Jouni sọ ni pé, "Màmá, ẹ lọ rà á lọ́jà." Raili ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, ẹ sì mọ̀ pé nígbà ooru lọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ kì í ṣú bọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá ó mú Saimi ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ. Wọn ò tíì dé àárín àbàtà tí Saimi fi figbe ta, ó sá padà délé, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nínú ẹrẹ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò ló lé e.

Ẹni tí ò bá tíì dé ibẹ̀ nígbà ooru lè rò pé àsọdùn ni. Ẹ̀fọn wà, ẹ̀fọn yẹn ṣì ní ìwà díẹ̀, ó ń kọrin kó tó jẹ ọ́. Àwọn amùkúrù ni mo ń sọ, eṣinṣin dúdú tí ò tó ẹyọ èèrùn kan. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á rọra fẹsẹ̀ rìn wọ inú apá ẹ̀wù rẹ, wọ́n á wá ibi tí aṣọ ti fún ọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gé ẹran. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn lo máa mọ̀. Èéfín ni gbogbo ayé fi ń lé wọn. Raili nìkan ni kì í dáná lórí àbàtà, torí Oiva.

Oiva Rautio ni aládùúgbò rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé rẹ̀ pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó ń wá ibi tí èéfín ti máa yọ. Ẹni tó bá sun nǹkan bíńtín báyìí, Oiva á ti dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú péèlì. Ṣáájú Oiva pàápàá, Impi ò dáná níbẹ̀ rí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí èéfín, Raili náà ò dá a. Kọfí tútù ló ń mu lórí àbàtà láti ìgbà tó ti ń lọ, ó sì mọ àwọn ọ̀nà mìíràn tó fi ń bá kòkòrò jà.

Lọ́dún yìí ni Vilja, ìyàwó Jouni, pè é lórí fóònù. Apá etíkun ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n bí Vilja sí, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ó ní, "Màmá, Jouni ti lọ sójú omi. Mo fẹ́ bá yín lọ ká hilla, tí ẹ bá lè mú mi lọ."

Raili rántí bàtà Saimi tó wà nínú ẹrẹ̀. "Tó o bá sá," ó wí, "má tún bi mí mọ́ láé."

"Màmá, èmi tí mò ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ iléèwé lójoojúmọ́? Kí ló tún kù tí mo máa sá fún?"

Vilja dé pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú, irun rẹ̀ ń ta sánsán bí ọgbà òdòdó. Raili gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí lo fi fọ irun yìí?"

"Ọṣẹ tuntun kan ni. Àbí kò dáa, Màmá?"

"Ó dáa gan-an. Àwọn ẹ̀fọn ti ń múra sílẹ̀ láti pàdé ẹ."

Ó tì í wọ ilé ooru tí wọ́n ti ń wẹ̀, ó fún un ní ọṣẹ tí wọ́n fi ọ̀dà igi páìnì ṣe, ó ní kó fọ orí títí òórùn òdòdó fi máa tán. Ó gba ṣòkòtò dúdú náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ohun dúdú ni amùkúrù ń tọ̀ lọ. Ó wá kó ṣòkòtò tó ní àwọ̀ eérú àti ẹ̀wù funfun kan fún un, ẹ̀wù Eino ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó nípọn, tó sì ṣò dáadáa, kí ẹnu ẹ̀fọn má lè kan ara. Ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó fi okùn so ọwọ́ ẹ̀wù, ó fi òróró ọ̀dà pa á lẹ́yìn etí àti ní ọrùn, ó wá fi àwọ̀n bo fìlà rẹ̀.

Vilja wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Màmá, mo dà bí àpò ọ̀dùnkún."

"Ó sàn kó o jẹ́ àpò ọ̀dùnkún ju kó o jẹ́ oúnjẹ lọ. Gbé péèlì."

Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, tí àbàtà sì wà ní ìlà-oòrùn. Raili gbé ọ̀pá ìpẹja sí èjìká kí gbogbo ayé lè rí i. Oiva nawọ́ láti òkè.

"Raili! Ẹja lo fẹ́ lọ pa?"

"Ẹja ni!"

"Pẹ̀lú gbogbo péèlì yẹn?"

"Ẹja ńlá ni wọ́n!"

Ìgbà tí wọ́n wọ igbó tán ni wọ́n yí padà sí ìlà-oòrùn. Wọ́n gba ìdí òkúta kan tó là sí méjì kọjá, wọ́n gba abẹ́ igi páìnì kan tó wó dùbúlẹ̀ sórí odò kékeré, wọ́n wá já sí ẹ̀gbẹ́ adágún omi kan. Koríko ibẹ̀ rọ̀ bí bẹ́ẹ̀dì, igi sì yí i ká tí atẹ́gùn ò fi lè dé ibẹ̀. Vilja sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀.

"Àgọ́ wa rèé, Màmá! Ibí mà dára o."

"Ó dára. Ta lo rò pé ó ń gbé ibẹ̀?"

"Ta ni?"

"Dákẹ́ kó o gbọ́."

Vilja dákẹ́. Láti inú koríko, láti ojú omi, ohùn kan ń dún wìnnnn, bí ìgbà tí ìkòkò fẹ́ hó. Ó rọra gbé àpò rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Orí gegele olókùúta kan tó yọrí sókè láàárín àbàtà ni Raili pa àgọ́ sí. Òkúta ń gún ènìyàn níhà níbẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ láti gbogbo ọ̀nà, kòkòrò ò sì lágbára láti bá atẹ́gùn jìjàkadì. Ó kọ́ Vilja bí wọ́n ṣe ń wọ àgọ́: ṣí i díẹ̀, bọ́ sínú rẹ̀ bí olè, pa á dé, kó o wá pa gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé ọ wọlé kó o tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Vilja jí, ó ní ìhà ń dun òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fọn kan ṣoṣo ló jẹ ẹ́, ní àtàǹpàkò, kò sì họ ọ́. Raili rí i pé kò họ ọ́. Inú rẹ̀ dùn.

Àbàtà so lọ́dún náà! Ilẹ̀ rẹ́rẹẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyeyè ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń ká, wọ́n ń ká. Nígbà tó di ọ̀sán, atẹ́gùn dákẹ́. Ooru wá dúró lórí àbàtà bí ìdérí ìkòkò, àwọn amùkúrù sì jáde.

Vilja fa àwọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀. Ti Raili ńkọ́? Ó ti ká àwọ̀n tirẹ̀ sórí fìlà látàárọ̀ kó lè ríran dáadáa, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ nígbà náà. Nígbà tó kúnlẹ̀ tó ń fọwọ́ pa orúnkún tó ń dùn ún, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ yọ kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀. Kò mọ̀. Ìgbà tó fi máa fa àwọ̀n wálẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ ní ìpéǹpéjú méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ń ká hilla lọ bí ẹni tí nǹkan ò ṣe.

Vilja yọjú wo inú péèlì rẹ̀. "Màmá, pupa lẹ ń ká."

"Irọ́ ni."

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Raili tọwọ́ bọ péèlì. Wọ́n le bí òkúta wẹ́wẹ́. Látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, Raili ò ká pupa rí.

"Ojú yín ti ń dí," Vilja wí. "Ẹ jẹ́ n dáná, kí èéfín lé wọn."

"Àfi tí mi ò bá sí láyé. Oiva wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú awò ẹ̀. Ìyá mi ò dá a, èmi náà ò ní dá a. Tá a bá dá a, àbàtà lọ nìyẹn."

"Tí ojú yín bá wá dí pátápátá ńkọ́? Mi ò lè gbé yín, Màmá. Màá pe àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù nínú igbó. Ta ló máa ṣíwájú wọn wá? Ṣebí Oiva ni! Á wá gbé yín lẹ́yìn, á sì máa ká hilla bó ṣe ń lọ."

Raili sọ péèlì rẹ̀ kalẹ̀. Vilja dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á gòkè lọ sórí gegele, ó da èèpo igi gbígbẹ sínú péèlì irin kan, ó ṣáná sí i, ó wá kó ewéko tútù lé e lórí. Èéfín funfun rú jáde. Nítorí pé kò sí atẹ́gùn, ṣe ló gùn ún lọ sókè tààrà bí òpó. Kò sí ojú tí ò ní rí i.

Ara tu Raili, kòkòrò sá. Ṣùgbọ́n omi tó ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe èéfín nìkan ló fà á. Ó jókòó, aṣọ tútù lójú, ó ń sọ lọ́kàn pé, Ìyá mi, ẹ foríjì mí, èmi ni mo bà á jẹ́.

Ìgbà náà ni Vilja pariwo. "Màmá! Nǹkan ń bọ̀! Wọ́n pọ̀!"

Raili tẹ́tí sílẹ̀. Tá-tá-tá, tá-tá-tá. Bí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín tí wọ́n ń sìn lọ́dọ̀ wọn ṣe máa ń dún nìyẹn bó bá ń rìn. Amùkúrù ń jẹ àwọn náà, wọ́n sì mọ̀ pé ibi tí èéfín bá wà, ìsinmi wà níbẹ̀. Wọ́n gun gegele wá pẹ̀lú ìwo gàgàrà, wọ́n to ara wọn yí péèlì náà ká, èjìká kan èjìká, wọ́n ń mí hẹ̀ẹ̀, wọ́n dijú. Ọ̀kan fi imú ti Vilja sẹ́yìn kó lè ráyè dúró.

Raili bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín, ó rín, títí ikùn fi ń dùn ún.

"Màmá, ṣé kò sí wàhálà o?"

"Kó ewéko sí i! Jẹ́ kó rú dáadáa! Ta ló máa ń dáná èéfín fún àgbọ̀nrín lásìkò yìí?"

Vilja ronú. "Àwọn tó ń dà wọ́n."

"Ó wá yé ọ. Jẹ́ kí Oiva máa wò."

Vilja nìkan ló ká ìyókù. Raili jókòó sáàárín àwọn àgbọ̀nrín bí ìyá ìyàwó níbi ìgbéyàwó, ó ń pàṣẹ láti inú èéfín. Nígbà tí wọ́n máa padà, ojú rẹ̀ ò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

"Ìwọ lo máa ṣíwájú," ó wí. "Mi ò ní sọ ọ̀nà fún ẹ."

Vilja ò béèrè ohunkóhun. Ẹ̀gbẹ́ adágún, abẹ́ igi tó wó, ìdí òkúta tó là. Raili di àpò rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ wádìí ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pé. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ abúlé, Vilja dúró, ó fi ewé bo àwọn péèlì náà, ó gbé ọ̀pá ìpẹja sí èjìká, ó wá yí po lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un.

Oiva ti dúró sẹ́nu géètì. "Háà, Raili! Kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Ẹja ló bù mí jẹ."

"Hẹn-ẹn. Mo rí èéfín àwọn tó ń da àgbọ̀nrín lápá ìlà-oòrùn. Àgbọ̀nrín kún orí gegele kan bí ẹni ń ṣèpàdé. Mo tiẹ̀ ti rò ó rí pé hilla lè wà lágbègbè yẹn, àmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló lè kù níbẹ̀?" Ó yíjú sí Vilja, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó wa, ìwọ tí ojú tìẹ ṣì là, níbo gan-an lẹ lọ?"

Raili fa àpò Vilja láti ẹ̀yìn. Àwọn ará etíkun kì í mọ irọ́ pa, ohun tó ti ń gbọ́ látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Vilja gbójú sókè, ó wo sánmà láti ọ̀tún dé òsì. Kò sí ìkùukùu kan níbẹ̀.

"Ẹ ò rò pé òjò máa rọ̀ báyìí, sà?" ó wí.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Raili gbé kọfí kaná, ó ń fọwọ́ táràrà wá ife. Vilja ti bọ́ ẹ̀wù funfun náà, ó ń ká a kó lè dá a padà sínú àpótí.

"Fi í sínú àpò ẹ," Raili wí láìyíjú. "Lọ́dún tó ń bọ̀, bí orúnkún mi bá gbà, màá tẹ̀ lé ẹ lọ."