Ògiri Tí Kò Gba Ọwọ́ Mọ́

Ọwọ́ mi kì í gbélé. Ìyá tó bí mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkọ mi tún un sọ, ìyálé mi sì sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Bí mo bá jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, ìka mi á ti máa fa ilà sínú eérú. Bí wọ́n bá ní kí n ran òwú, kí òwú tó tán, mo ti fi èédú ya nǹkan sára apẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún mi rí lórí ohun tí mo yà. Ìyàwó ilé lásán ni mí, ní agbo ilé àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá ní Bẹ́yẹrúnkà, nígbà tí reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọn fèrè wọ̀lú, tí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti jókòó sí Àgọ́dì, tí kò tíì sí ohunkóhun lórí òkè Màpó ju koríko àti ewúrẹ́ lọ.

Ní agbo ilé wa, àwa obìnrin la ni ògiri. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, gbogbo wa á po bọ́tọ́, ìgbẹ́ màlúù, mọ́ amọ̀, a ó fi rẹ́ ibi tí òjò ti jẹ, a ó sì fi òkúta gbo ó títí yóò fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú á ya ohun tó wù ú sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹfun la fi ń ṣe funfun, osùn la fi ń ṣe pupa, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò aró sì wà fún ẹni tó bá lè bẹ aláró. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn yòókù fi ń yà á. Èmi kò ní sùúrù ìyẹ́. Pákò tí mo rún lẹ́nu títí tó fi dà bí ìrù ẹṣin ni mo ń lò.

Ẹyẹ méjì ni mo máa ń yà. N kò ní fi bò: ọmọ méjì ni mo ti bí, ọ̀kan ti ń sáré kiri ilé, èkejì kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó, àwọn méjèèjì sì lọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Wọ́n ní kí n nujú, kí n má pe orúkọ wọn mọ́, kí ọ̀nà lè là fún àwọn tó ń bọ̀. Ẹnu mi dákẹ́. Ọwọ́ mi ni kò dákẹ́. Lọ́dọọdún tí mo bá tún ẹyẹ wọ̀nyẹn yà, mo máa ń fi díẹ̀ kún ìdúró wọn àti apá wọn, bí ọmọ ṣe ń fi díẹ̀ díẹ̀ ga. Ìyálé mi nìkan ló mọ̀. Wọn kò bi mí, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà.

Ààfáà ilé kejì ló kọ́kọ́ kọminú. Wọ́n pe ọkọ mi, wọ́n ní a kì í ya ohun ẹlẹ́mìí sára ilé mùsùlùmí. Ọkọ mi kò fẹ́ wàhálà, wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ ààfáà, pé n kò ní fi ojú sí ẹyẹ náà, ohun tí kò sì lójú, ẹ̀mí wo ló fẹ́ ní? Ààfáà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbà. Báyìí ni ẹyẹ mi ṣe di aláìlójú.

Òjò ni ọ̀tá mi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé, èyí kékeré ló máa ń kọ́kọ́ lọ, torí ó wà nísàlẹ̀ níbi tí omi òrùlé ń ta sí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí n máa wo osùn àti aró bí wọ́n ṣe ń ṣàn wọ inú àgbàrá. Lójú mi, ṣe ni mo tún ń sin ín. Àwọn ìyàwó yòókù á ní kí n má dà á láàmú, ṣebí ọyẹ́ ń bọ̀, n ó tún un yà. Inú á bí mi sí wọn. Mo fẹ́ kí ohun kan tí ọwọ́ mi ṣe láyé yìí dúró.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán oríṣiríṣi wò. Mo po osùn mọ́ ẹyin adìyẹ, èèrà kó o jẹ. Mo po ó mọ́ oje igi, ọyẹ́ fẹ́ sí i, ó sán wẹ́wẹ́. Mo wá rò ó pé, kí ló ń mú aró dúró lára aṣọ? Omi eérú ni. Kánún sì le ju eérú lọ. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. Mo gún kánún púpọ̀ mọ́ gbogbo àwọ̀, mo yà á, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbò ọkọ mi àti gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ti tò sídìí ògiri mi bí ẹni tó ń jẹ sààrì. Wọ́n lá ẹyẹ, wọ́n lá amọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lá ilé dé yàrá. Mo gbé ọmọ odó lé wọn. Ọkọ mi sáré jáde, wọ́n ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe fún ewúrẹ́, kí n sáà má fọwọ́ kan àgbò Iléyá. Ọjọ́ pẹ́ kí ẹ̀rín yẹn tó tán nínú agbo ilé.

Ọjà'ba ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ìkòkò Ìlọrin, ìkòkò pupa rúsúrúsú tó ń dán, tí omi kì í rin ín. Mo ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọjà dé ọjà títí wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Èèpo èso igi irú ni wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ yóò fi ki, tí wọn yóò wá dà á sára ìkòkò nígbà tó bá ṣì gbóná láti inú iná. Nígbà tí mo ní ara ògiri ni mo fẹ́ dà á sí, wọ́n béèrè bóyá ògiri ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀.

Mo sè é. Gbogbo ilé ń rùn, ìyálé mi ń fi ìborùn bo imú. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí ògiri gbóná, mo fi ọwọ̀ wọ́n ọn sí ẹyẹ mi, mo wọ́n ọn, mo tún un wọ́n. Àwọ̀ wọn jinlẹ̀, ara wọn ń dán. Òjò àkọ́rọ̀ dé, ó yọ̀ kúrò lára ògiri bí omi lára ewé kókò. Mo jáde sínú òjò náà, mo ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Títí òjò fi parí, ẹyẹ mi méjèèjì wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wá wò ó láti Bẹẹrẹ, wọ́n tún wá láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ọyẹ́ dé. A po bọ́tọ́ bí a ti máa ń ṣe, a rẹ́ ògiri bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ńlá. Nígbà tó kan ti èmi, bọ́tọ́ kò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a ti ń fi í síbẹ̀ ló ń já bọ́. Mo fi ẹfun kàn án, ẹfun yọ̀ sílẹ̀.

Ìyálé mi wò ó, wọ́n ní, "Ẹ fi ti ìyàwó sílẹ̀. Tirẹ̀ ti parí."

Wọ́n fò mí kọjá. Mo jókòó sórí ìjókòó mi, ọwọ́ mi mọ́ tónítóní, àwọn yòókù ń pariwo, ń fi osùn ra ara wọn lójú. N kò rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde, mo tún jókòó. Mo wo ẹyẹ mi dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Èéfín ti lẹ̀ mọ́ wọn. Èyí kékeré wà bó ṣe wà lọ́yẹ́ èṣí, apá rẹ̀ kò gùn sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ga sí i. Ẹgbẹ́ ọmọ yẹn ti ń bá ìyá wọn pọnmi báyìí. Ibi tí mo ti gbà á lọ́wọ́ òjò ni mo ti dá a dúró.

Mo wọlé lọ mú ọkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri, ó le bí àpáta. Ìyálé mi gbọ́ ariwo, wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi.

"Kí ló dé tí o fi ń bà á jẹ́? Ṣebí ohun tí ò ń wá nìyí?"

Mo ní, "Ìyálé mi, wọn ò dàgbà."

Ìyálé mi ṣa àpáàdì kan nílẹ̀, wọ́n jókòó ti ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha èyí kékeré, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́ kí a tó ha á tán. Lọ́jọ́ kejì, a fi bọ́tọ́ tuntun rẹ́ ẹ, mo sì fi osùn àti aró lásán yà wọ́n. Àbúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ́gba.

Òjò àkọ́rọ̀ gbé wọn lọ. Inú bí mi bí ó ti máa ń bí mi, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ṣépè fún òjò. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo mú pákò tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rún un.