Ẹyin Mẹ́rin Lórí Òjúoró

Ohun tí mo rí lórí ọ̀sà láàárọ̀ yìí nìyí: òjúoró tó dì pọ̀ bí ẹní, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó ń rìn lórí rẹ̀ tí kò rì, àti ẹyin mẹ́rin láàárín ewé tútù.

Èmi àti àǹtí mi la wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú, à ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Òjúoró wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ dúró. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ fa àdá yọ, wọ́n fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ dànù.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹyin wà níbẹ̀."

Àǹtí mi yíjú sí mi. "Láti Ìkòròdú, o ò sọ̀rọ̀. Tìtorí ẹyin ẹyẹ lo ṣe wá lanu?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá gbé àdá sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ tú ewé náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi àjẹ̀ rọra ti ibi tí ẹyin wà sẹ́yìn. Ẹyẹ náà ti fò, ó ń yí wa ká lókè.

Mo bi wọ́n pé, "Ṣé ó máa padà wá sàba?"

"Ọmọ mi, ojoojúmọ́ lomi ń gbé òjúoró kiri, ẹyẹ sì ń rí i. Àmọ́ èyí táwa fọwọ́ ara wa tì, mi ò mọ̀."

Nígbà tí à ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo wo ibẹ̀ títí. Omi nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí ọ̀sà, ṣé irú ẹyẹ yìí máa ń wá ìtẹ́ rẹ̀ rí? Ẹ dá mi lóhùn. Aago mẹ́wàá ti kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀ ni.